Ọ̀rọ̀ Èkó tí Mo Túmọ̀ fún Aṣọ́lé Wa

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ṣakí ní èdè Faransé kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ó sì kù lórí púpọ̀ nínú wọn kò ju bí a ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀ lọ. Bí wọ́n bá pàdé mi lọ́jà, wọ́n á pariwo ìkíni ọ̀hún mọ́ mi, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. N kì í dá wọn lóhùn bí àárọ̀ bá ti kọjá. Ìwà mi nìyẹn, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí Faransé yìí ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ṣe wá sílé mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àlàájì ni, ó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù, ìfẹ́ bọ́ọ̀lù sì ti gbà á lọ́kàn ju ọjà tó ń tà lọ. Mo ní kó jókòó, ó kọ̀.

"Màdáàmù, ẹ gbà mí," ó wí. "Àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni wọ́n ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn, lọ sí Èkó. Wọn ò tiẹ̀ bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni fún wọn, Alága?"

"Ẹ sọ ìlú yìí fún wọn. Ṣé ẹ rò pé bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń bá lọ sí Èkó ni? Èkó fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń bá lọ. Wọ́n á kàn gbọ́ orúkọ ìlú, orí wọn á wú. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà wú wọn lórí."

"Ṣé ẹ tiẹ̀ ní pápá?"

"Pápá wà," ó ní. "Koríko ni ò sí."

Òótọ́ tó sọ yẹn ló mú mi gbà. Ká ní ó parọ́ pé koríko wà ni, ǹ bá ti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo mú bírò àti ìwé bí ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀. Kí ni Ṣakí ní tí àjèjì yóò fi torí rẹ̀ fi Èkó sílẹ̀? Èkó ní òkun. Èkó ní tẹlifíṣàn tí yóò gbé eré ọmọ lọ sójú ayé, ó sì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ẹni tó bá rìnnà kore lè gbà dé Yúróòpù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ní iṣu. Mo kọ atẹ́gùn tí ń ti orí òkè wá bí òòrùn bá ti ń rẹlẹ̀. Mo kọ pé ọ̀nà ilé kò jìn, pé ẹni tí àárò ìyá rẹ̀ bá sọ lè wọ ọkọ̀ ẹnubodè lówùúrọ̀. Mo kọ pé kò sí ẹni tí yóò fi ahọ́n àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà wa, nítorí Bàrùbá wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, àwọn ará Sábẹ̀ náà wà níbẹ̀, kálukú ń fi ohun tó mú ti ilé wá ná ọjà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ èyí tí ó wá ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ wa kò ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù sí. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n á fi wọ̀ sílé ará ìlú kan, onílé náà á sì di bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Bó bá ṣàìsàn, onílé ló ń gbé e lọ sọ́sibítù. Bó bá bá ènìyàn jà, onílé ló ń lọ bẹ̀bẹ̀. Bó bá sì jẹ́ kí góòlù òmùgọ̀ wọlé, onílé ni wọ́n á máa bú lọ́jà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alága rò pé àìrówó kọ́lé ló fa èyí, ojú sì máa ń tì í. Èmi rí i pé ohun tí Èkó kò ní nìyẹn. Nítorí náà, nínú gbogbo ohùn tí mo bá gbà sórí fóònù ránṣẹ́ sí ọmọ kan ní Parakú tàbí ní Natitíńgù, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi ń parí rẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ìyá kan ń dúró dè ọ́ níhìn-ín."

Wọ́n sì ń wá. Méjì kọ́kọ́ wá láti Parakú. Ọ̀kan tún wá tí ó ní òun kò mọ ibi tí Ṣakí wà lórí máàpù, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ pé wọ́n ń gún iyán níbẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, aṣọ́lé kan, kípà tí yóò máa ṣọ́ góòlù, dé láti Sókódè ní Tógò. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà mi. Ilé tí wọ́n fẹ́ fi í wọ̀ sí, ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Alága bẹ̀ mí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kó jẹ́ o.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé mi ṣe rí nígbà náà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ọkọ mi ti kú. A kò bímọ. A wá ọmọ títí, ó sú wa, a gbà bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ràn ara wa. Ṣùgbọ́n níbi tí mò ń gbé yìí, wọn kì í fi orúkọ pe àgbàlagbà obìnrin, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi í pè. Ìyá Èyí, Ìyá Tọ̀hún. Èmi ni wọ́n ń pè ní Màdáàmù Faransé. Wọn kò fi ibi kankan sí i, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pè é, mo máa ń gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àgbàlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé. N kò rán an. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí ní Màmá. Ó ní Faransé tí mò ń sọ dà bí ẹni ń kàwé, pé kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé, àní àwọn Faransé gan-an. Mo bínú títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo wá gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo gbọ́ tí èmi fúnra mi ń sọ ọ́ bí tirẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbá pẹnáritì méjì sí i, ó mú méjèèjì. Mo ti ilẹ̀kùn àgbàlá wọlé nírọ̀lẹ́, aránṣọ tí ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi sì yọ orí lórí ògiri, ó pariwo pé, "Ìyá Kípà! Ẹ kú oríire o! Ọmọ yín ò jẹ́ kí wọ́n pa wá láyò!" Mo dá a lóhùn, mo ní ẹ ṣé o. Mo wọ yàrá bí ẹni fẹ́ mú nǹkan, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbà á. Ẹni tó ń ta iṣu fún mi láti Ògbòórò bẹ̀rẹ̀ sí í fi èènì lé e, ó ní ti Kípà ni. Àwọn tí mo nà ní kíláàsì rí, tí wọ́n ti ní ọmọ mẹ́ta mẹ́rin báyìí, ń dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Kípà lójú títì. Ilé tí ìjì ṣí, wọ́n kan òrùlé rẹ̀ padà láàárín oṣù kan. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún kan ààbọ̀.

Orúnkún òsì rẹ̀ ń dùn ún. Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò mọ̀. Ó ní ilẹ̀ pápá wa ló le, pé kò sí ohun tó ṣe òun. Ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbà, màá gbé omi gbígbóná wá, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, màá fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, màá sì fi òrí pa á. Ó máa ń sọ ìtàn ilé wọn fún mi bí mo bá ń ṣe é. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí kò bá dùn ún ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo máa ń bi í léèrè pé ṣé ó dá a lójú.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, mò ń bó iṣu ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó sáré wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Màmá, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ni."

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ohun tí rẹfirí máa ń sọ lọ. Yorùbá ọjà ló gbọ́, èyí tó fi ń ra ẹ̀wà àti káàdì fóònù. Mo nu ọwọ́, mo gba fóònù, mo gbé e sétí. Ohùn àgbà ọkùnrin ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ní kóòṣì ni òun ní ẹgbẹ́ kan ní Èkó, òun ti wo ọmọ yìí nínú eré kan tó gbá ní Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì wu òun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí èmi máa ń ṣe. Ó ń polówó ìlú. Ó ní etí òkun kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ó ní àwọn ará Sókódè pọ̀ ní àdúgbò òun, wọ́n ní mọ́sálásí, wọ́n ń se oúnjẹ ilé wọn tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri máa ń jókòó síbẹ̀ wo eré. Mo ń gbọ́ ọ bí aránṣọ ṣe ń wo aṣọ tí aránṣọ mìíràn rán. Mo wí fún ara mi pé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́.

Ohùn rẹ̀ wá yí padà. Ó ní, "Mo rí orúnkún rẹ òsì. Gbogbo ìgbà tí o bá fò, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lo fi ń balẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí dókítà wa yóò fi wò ó. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí àwọn ènìyàn rẹ bá ní eré Sátidé yìí kò lè ṣeé ṣe láìsí ìwọ, sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o má gbá a. Irú orúnkún bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń lọ. Bí n kò bá gbúròó rẹ, màá tún pè."

Mo gbé fóònù kúrò létí. Ọmọ náà dúró lórí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Kí ló wí, Màmá?"

Mo ní, "Kóòṣì ni, ní Èkó. Ó ti rí ọ, ó ní o wu òun. Ó ní etí òkun wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn yín sì pọ̀ níbẹ̀."

"Ìgbà wo ló ní kí n wá?"

Mo ní, "Ó ní òun á tún pè."

Ó wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn ni mo fi tu ara mi nínú ní ọjọ́ yẹn, pé kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Èmi tí n kò fún ọmọ kankan ní máàkì tí kò tọ́ sí i rí, mo mú gbólóhùn mẹ́rin nínú ogún, mo ní ó parí. Mo ní, ta ló ní kò ní lọ? Á lọ. Kí òjò kọ́kọ́ dá ná, kí sáà yìí parí, kí n rí i díẹ̀ sí i. Ní ti orúnkún, inú ló bí mi. Orúnkún tí mò ń fi òrí pa lójoojúmọ́ láti oṣù mẹ́ta, tí mo mọ gbogbo eegun rẹ̀, ṣé dókítà Èkó ló máa wá mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo bínú sí ọkùnrin tí n kò rí rí nítorí pé ó jókòó nínú èrò ní Ìsẹ́yìn, ó sì rí ohun tó ń ṣe ọmọ mi.

"Kí ni kí n fi dá a lóhùn?" ọmọ náà bi mí.

"Jẹ́ kí n bá ọ dá a lóhùn," mo wí. Mo tẹ fóònù, mo sọ fún ọkùnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ó ti gbọ́ ọ, sà. Ó ní ẹ ṣeun." Mo dá fóònù padà fún un, mo sì padà sídìí iṣu mi.

Ìsẹ́yìn náà ni eré Sátidé. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló gbé wa, orin ni wọ́n ń kọ títí a fi dé. Mo jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò pẹ̀lú aránṣọ àdúgbò wa. A ti ń lù wọ́n ní oókan sí òdo, eré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wọ́n gbá kọ́nà sí wa. Ọmọ náà fò, ó ga ju gbogbo wọn lọ, ó gba bọ́ọ̀lù náà sáyà. Ẹnì kan kọ lù ú lápá ọ̀tún nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló fi balẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀, ó di bọ́ọ̀lù mọ́ra, kò sì dìde. Aránṣọ fa aṣọ mi, ó ní, "Ìyá Kípà, ẹ jókòó, á dìde." Mo já ara mi gbà, mo sáré wọ pápá, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Màmá, n kò jẹ́ kó bọ́ o." Ó rò pé nítorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń sáré.

Ní ọsibítù ní Ìbàdàn, dókítà fi àwòrán inú orúnkún náà hàn wá. Àwọn iṣan tó so eegun mọ́ ara wọn ti já, ohun rírọ̀ tó wà láàárín wọn náà ti ya. Ó ní á rìn. Ó ní kí ó má retí pé òun á tún ṣọ́lé mọ́. Alága bú sẹ́kún níbẹ̀, bó ṣe sanra tó nì. Dókítà wá yíjú sí mi, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ síwèé pé èmi ni ìyá rẹ̀.

"Ó ti ní láti máa dùn ún tẹ́lẹ̀, màmá. Ṣé kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó sinmi ni?"

Mo ní, "Kò sí."

Irọ́ gidi nìyẹn. Kò sí ohun tí mo lè fi bo tìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin Èkó náà kò pè. Ìròyìn ti ní láti dé etí rẹ̀, ó sì ti ní láti rò pé olórí kunkun ni ọmọ náà, pé ó gbọ́ ìkìlọ̀, ó dúpẹ́, ó tún lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ìlú ṣe dáadáa sí i. N kò lè sọ pé Ṣakí já a kulẹ̀, gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìlú yìí nínú àwọn ohùn tí mò ń fi ránṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta iṣu gbé iṣu wá. Lèmọ́ọ̀mù ń wá ṣàdúà fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wá jókòó tì í, wọ́n ń pa á lẹ́rìn-ín, títí ẹgbẹ́ fi rí aṣọ́lé mìíràn láti Kétu, ẹsẹ̀ wọn sì wá ń dín kù. Ìyá rẹ̀ máa ń pè láti Sókódè ní gbogbo Jímọ̀. Á sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ọmọ náà á sọ ọ́ di Faransé fún mi: "Ó ní kí Ọlọ́run ṣe fún yín bí ẹ ti ṣe fún ọmọ òun." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín sí irú àdúà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó kí i.

Ọwọ́ mi kò mọ ohun tó lè ṣe mọ́. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà mọ́ inú sìmẹ́ǹtì funfun, kò sí ibi tí ènìyàn á fi òrí pa. Mo wá ní kó jẹ́ kí n kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ẹni tó bá gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣàìríṣẹ́ ní ẹnubodè. Òótọ́ ni. Ìdí mìíràn tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti bi ara mi títí.

Orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo àwọn tí mo kọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Mo ra ìwé fún un, mo ń fi bírò pupa ṣe máàkì sí i. Bí mo bá fún un ní méje nínú mẹ́wàá, á jà dé ibi tí mo bá ti ń dáná. N kò ṣojú àánú fún un. A jókòó síbi kan náà láàárọ̀ fún oṣù mẹ́rin, mo ń ka ọ̀rọ̀, ó ń gbà á lẹ́nu mi, títí wọ́n fi tú sìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn nínú àgbàlá. Mo jẹ́ aláyọ̀ láwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn. Ohun ìtìjú ni láti sọ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti ń sán. Mò ń ṣa ẹ̀wà lójú oòrùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń pa àwọn nǹkan àtijọ́ rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ torí ó ti kún. Mo gbọ́ tí ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí ó tó dé orí òkun ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ. Ní ìgbà kẹta, ó dá a dúró ní ibi orúnkún. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì rọra ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì bí ìgbà tí a bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn: kó má gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀kan ni irú orúnkún bẹ́ẹ̀ máa ń lọ.

"Ṣé mo gbà á?" ó bi mí.

Mo ní, "O gbà á."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Mo fẹ́ kó pariwo, kó bú mi kí àdúgbò gbọ́. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn láti kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó na ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, kò sí àyè tí mo lè kúnlẹ̀ sí. Mo dúró bẹ́ẹ̀.

Ó wá gbé fóònù sẹ́nu. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọkùnrin Èkó náà kú ọ̀sán, ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní, "Òní ni mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò wá. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, n kò sì ní ẹnì kankan níhìn-ín tó lè túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ, n kò rí ibì kan tí mo lè bá a tún ṣe.